Ìyánhànhàn Kokéènì: Kí Ló Ń Fa Ẹni Tó Ti Túúbá Padà?

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń dáwó sàká, ní Ìbà)

   

Ní ìpàdé tó kọjá, ìbéèrè kan dìde tí kò jẹ́ kí á tètè túká. Ìbéèrè náà ni pé, ṣé ó tọ́ kí á máa ná owó sàká lórí ẹni tó ń fa kokéènì, tí a ti ràn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún padà sídìí rẹ̀? Àwọn kan ní kí á lé e dànù. Àwọn kan ní kí á ṣàánú. Àwọn aṣáájú wá ní kí á lọ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, kí á wá jábọ̀. Àbọ̀ náà la mú wá yìí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́DỌ̀ WA

A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin wẹ́dà kan ni, ọmọ agbègbè wa yìí, tó ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó fún ọdún púpọ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa kokéènì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú òun fúnra rẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ méjì wálé, ó sì túúbá níwájú àwọn ààfáà. Odidi oṣù mẹ́ta kò fọwọ́ kàn án. Ó ń bá wa kírun ní jáàmọ́ọ̀, ara rẹ̀ bọ̀ sípò, gbogbo wa ń yìn ín. Inú wa dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi pinnu láti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin fún un. A ka owó náà lé e lọ́wọ́, a ní kí ó lọ rà á l'Ékòó níbi tó mọ̀. Ọjọ́ méje la ò gbúròó rẹ̀. Nígbà tó dé, kò sí owó, kò sí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ sì ti wọnú.

A bínú. Ohun tí a kọ sínú ìwé ìpàdé ọjọ́ náà ni pé ó ti fi ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, pé irọ́ ni túúbá rẹ̀. A dá gbogbo ìrànlọ́wọ́ dúró, títí kan owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa tí a jẹ́ akọ̀wé la fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́.

Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ kan kọjá, ìyá àwọn ọmọ náà wá bá wa. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ rárá. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀yin bàbá wa, bó bá jẹ́ pé bàbá wọn ti kú ni, ṣebí ẹ ó máa san owó ilé-ìwé wọn?" Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn nínú wa. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn ni wá, ọmọ méjì tí bàbá wọn wà láàyè sì ti di òrukàn lójú wa.

A wá pe ọkùnrin náà, a ní kí ó jókòó, kí ó sọ bó ṣe jẹ́. Ó ní òun ò ní in lọ́kàn rárá nígbà tí òun kúrò nílé. Ó ní ìgbà tí òun bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní gáréèjì, tí òun rí ọ̀nà tó lọ sí ibi tí àwọn ti máa ń fà á, tí owó sì wà lápò òun, ni àyà òun bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, itọ́ kún òun lẹ́nu, inú òun ń ru. Ó ní àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ òun ló ń gbé òun lọ. Lọ́jọ́ náà, àwáwí la pè é. Nígbà tí a bi àwọn dókítà, wọ́n ní ohun tí àwọn mọ̀ dáadáa ni.

KÍ NI ÌYÁNHÀNHÀN YÌÍ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Èkó ni kokéènì. Lóòótọ́, àwọn tó ń lò ó kò pọ̀ tó àwọn tó ń fa igbó. Ìwádìí tí àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba wa ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní 2019, fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14 ènìyàn ní Nàìjíríà ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Mílíọ̀nù 10 ó lé ló ń fa igbó, àwọn tó ń lo kokéènì sì jẹ́ nǹkan bí 92,000. Apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá wa yìí, ló ga jù nínú lílo oògùn olóró lápapọ̀. Ọjà náà kò sì jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, àjọ NDLEA rí kokéènì tó tó tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ ó lé ní ilé kan ní Ìkòròdú. Títí di ìgbà náà, kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí ní Nàìjíríà.

Ewé koka tí wọ́n ń gbìn ní Peru, Bolivia àti Colombia ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí ènìyàn bá fín in sí imú, ìgbádùn rẹ̀ kì í ju bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 lọ. Bó bá fà á bí èéfín, kì í ju ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ìgbádùn kékeré bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ilé, tó ń jẹ ọ̀nà, tó ń jẹ owó orí ọjà.

Ẹ jẹ́ kí á wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́hun fi ohun kan sínú ọpọlọ wa tó ń jẹ́ kí á rántí ohun tó dára fún wa. Bí ebi bá pa wá tí a sì jẹun, bí òùngbẹ bá gbẹ wá tí a sì mu omi, omi kan báyìí tí wọ́n ń pè ní dopamíìnì á tú jáde nínú ọpọlọ, á sọ fún wa pé, "Èyí dára, má gbàgbé rẹ̀." Lẹ́yìn náà, ọpọlọ á kó o padà síbi tó ti wá. Kokéènì á wá dí ojú ọ̀nà tó yẹ kí ó gbà padà, dopamíìnì á gbára jọ, á kún àkúnya. Ọpọlọ á gbà pé ohun ńlá ló dé bá òun, ohun tó ju oúnjẹ lọ. Gbogbo ohun tó wà nítòsí lákòókò náà ni yóò kọ sílẹ̀: ibẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀, òórùn ibẹ̀, owó tó wà lọ́wọ́, aago tó lù. Láti ọjọ́ náà lọ, ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí tó bá tún yọjú lè jí ìyánhànhàn.

Ìyánhànhàn kò ṣàjèjì sí àwa náà. Ẹ rántí oṣù Ramadan. Ẹni tó ti dá aniyàn ààwẹ̀ rẹ̀ láti òru, tó ti jẹ sààrì, tó ti kí àlàásárì, bó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ alákàrà ní ìrọ̀lẹ́, tí òórùn epo gbígbóná gbá a nímú, itọ́ á kún un lẹ́nu. Ṣé ààwẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́? Rárá. Ṣé irọ́ ni aniyàn rẹ̀? Rárá. Kò pe itọ́ náà. Itọ́ náà ló pe ara rẹ̀. Gbígbé àkàrà sẹ́nu ló ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Báyìí náà ni ti ẹni tó fi kokéènì sílẹ̀. Aniyàn rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, kí ara rẹ̀ sì máa yán hànhàn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwa mọ̀ pé oòrùn máa wọ̀, a ó sì ṣínu. Tirẹ̀ kò ní àsìkò ìṣínu.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ TI RÍ

Dókítà Anna Rose Childress àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún pípẹ́. Ní 1999, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi fíìmù àwọn tó ń lo kokéènì han àwọn tó ti jáwọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ wọn. Apá ibi tó ń tọ́jú ohun ayọ̀ àti ohun ẹ̀rù ló dìde lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kò lò ó rí. Ní 2008, wọ́n tún gbé òmíràn jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n jẹ́ kí àwòrán náà kọjá fìrí. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá 33 péré ni àwòrán kọ̀ọ̀kan lò. Ojú wọn kò ráyè mọ ohun tí wọ́n rí, síbẹ̀ ọpọlọ wọn ti dáhùn. Èyí ni pé kí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé ohun kan ń fa òun, ó ti ń fà á.

Ohun kejì ló yà wá lẹ́nu jù, òun náà ló sì kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Gbogbo wa rò pé bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni ìyánhànhàn á máa dínkù. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi eku ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé bí eku náà bá rí àmì kokéènì lẹ́yìn oṣù kan tàbí oṣù méjì, ó ń wá a kíkankíkan ju bó ṣe wá a ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ní 2016, wọ́n gbé ti ènìyàn jáde. Wọ́n wo ènìyàn 76 tí wọ́n ti jáwọ́ nínú kokéènì, àwọn kan fún ọjọ́ méjì, àwọn kan fún ọ̀sẹ̀ kan, oṣù kan, oṣù mẹ́fà àti ọdún kan. Bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè, àwọn tó ti pẹ́ ní ìyánhànhàn àwọn ti dínkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọpọlọ wọn ṣe ń dáhùn sí àwòrán kokéènì, ńṣe ló ń ga sí i títí di oṣù mẹ́fà. Lọ́dọ̀ àwọn tó ti pé ọdún kan ló tó rọlẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ wo ibi tí èyí gbé bá wa. Oṣù kẹta la gbé owó lé ọmọ yẹn lọ́wọ́, ní àkókò tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé ara òun ti yá, tí kò sì purọ́. Ohun tó sọ ni ohun tó mọ̀. Iná náà wà lábẹ́ eérú. Àwa la kó igi gbígbẹ lé e.

ṢÉ A FẸ́ SỌ PÉ KÒ JẸ̀BI NI?

Rárá o. Ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé ẹgbẹ́ ní kokéènì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Owó sàká tó run, gbèsè ni lọ́rùn rẹ̀, ó sì mọ̀. Ìyánhànhàn ń fa ènìyàn, kò dè é lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ti là á kọjá sọ fún wa pé bí ìjì ló rí: á dé, á le, á sì rọlẹ̀. Bí ènìyàn kò bá fún un lóhun tó ń wá, lọ́pọ̀ ìgbà kì í tó wákàtí kan kí ó tó lọ. Ohun tó yẹ kí ó ṣe láàárín àkókò yẹn ni kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó pe ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀, kí ó jẹun bí ebi bá ń pa á, kí ó ṣe àlùwàlá, kí ó wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá wà, tí ebi ń pa, tí kò sùn, tí owó sì wà lápò rẹ̀, agbára rẹ̀ kéré níwájú ìjì náà.

A sì ní àpẹẹrẹ láti ọ̀dọ̀ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ka hádíìsì mọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdullah, tí wọ́n ń pe ìnagijẹ rẹ̀ ní Himar, tó máa ń pa Ànábì lẹ́rìn-ín. Ọtí ni wàhálà tirẹ̀. Wọ́n ń mú un wá, wọ́n ń nà án, ó sì tún ń padà sí i. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan gbé e ṣépè nítorí bó ṣe ń wá léraléra. Ànábì kọ èpè náà, ó sì jẹ́rìí sí i pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Wọn ò fojú fo ìyà rẹ̀, wọn ò sì gba ìfẹ́ Ọlọ́hun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ní tiwa kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé irọ́ ni túúbá ẹlòmíràn. Ta ló fi wá ṣe aṣojú nínú ọkàn rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ sọ, bó tilẹ̀ korò. Àwọn kan nínú wa ní kí á mú un lọ sí ibi tí wọ́n á ti fi ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2019. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ọlọ́pàá kó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkùnrin àti ọmọdékùnrin jáde ní ibi kan ní Rigasa, Kàdúná, tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn kan níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún kó àwọn tó lé ní 200 jáde ní Òjóò, Ìbàdàn. Àwọn ẹbí àwọn kan fúnra wọn ló mú wọn lọ, wọ́n sì rò pé àwọn ń tún ayé wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ohun tí ìwádìí sọ: àsìkò tí a bá ti ènìyàn mọ́lé gan-an ni ìyánhànhàn ń dàgbà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ ni yóò pàdé ohun tó ń fà á, kò sì ní kọ́ nǹkan kan nípa bí yóò ṣe sá fún un.

OHUN TÍ A DÁ LÁBÀÁ

Èkíní: Ọmọ kò gbọdọ̀ san gbèsè bàbá. Àwọn ààfáà ẹgbẹ́ ti là á fún wa pé aláìní ni àwọn ọmọ náà àti ìyá wọn, wọ́n sì ní ìpín nínú sàká. Kí á san owó ilé-ìwé fún ilé-ìwé tààrà, kí á gbé oúnjẹ fún ìyá wọn, yálà bàbá dúró tàbí ó ṣubú.

Èkejì: Kí á má ṣe ka owó lé ẹni tó ń jáwọ́ nínú oògùn olóró lọ́wọ́ mọ́. Owó fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tó ń jí ìyánhànhàn. Bí irin iṣẹ́ ni, kí ẹgbẹ́ rà á, kí á gbé e fún un ní Ìbà níbí.

Ẹ̀kẹta: Kí ìtọ́jú má ṣe dúró ní oṣù mẹ́ta. Kí ó tó ọdún kan, ó kéré tán, kí á sì tẹra mọ́ ọn jù láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹfà.

Ẹ̀kẹrin: Kí á ràn án lọ́wọ́ láti jìnnà sí ibi tó ti ń lò ó. Ní 1971, ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wọn ní Vietnam ti di ẹrú heroin. Nígbà tí Lee Robins tẹ̀lé wọn délé, ó rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló padà di ẹrú rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti fi àwọn tí wọ́n jọ ń lò ó sílẹ̀. Bí Èkó bá di dandan fún ẹni tiwa, kí ẹnìkan bá a lọ, kí wọ́n sì jọ padà lọ́jọ́ náà.

Ìkarùn-ún: Kí á mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́. Títí di òní, kò sí oògùn kan pàtó tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìwòsàn ẹni tó ti di ẹrú kokéènì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ní àgbo tó ń gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má fún un lówó. Ìmọ̀ràn, ìbẹ̀wò léraléra àti ẹ̀bùn kékeré fún ẹni tí àyẹ̀wò ìtọ̀ rẹ̀ bá mọ́ ni ìwádìí fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Arò, Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ń tọ́jú irú wọn. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni OAU ní Ilé-Ifẹ̀ náà ní dókítà ọpọlọ, ó sì sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ NDLEA ní nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìmọ̀ràn: 080010203040.

Ìkẹfà: Bó bá ṣubú, kí ó lè sọ fún wa lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìbínú ló ń dúró de òun yóò fi pamọ́, ohun tó bá sì fi pamọ́ ni yóò pa á. Bẹ́ẹ̀ sì ni igbó, tramadol àti oògùn ikọ́ olóró tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Ìyánhànhàn tiwọn náà ń gba ọ̀nà kan náà wọlé.

Kí á tó jókòó, ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ wẹ́dà wa ṣe já sí. Ó ti tó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin báyìí tí a tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀, ní oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn wa ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ rà wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé. A ò lè búra pé kò ní ṣubú mọ́, òun náà kò búra. Ohun tí a bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ fọwọ́ sí i kí á pa ohun tí a kọ sínú ìwé ìpàdé ọjọ́ yẹn rẹ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba gba sàká wa, kí Ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún àwọn tó ń bá ọkàn ara wọn jà lágbára láti borí. Àmín.